Ẹni tó ń pariwo jù kọ́ ló fara pa jù

Bí ọ̀kadà àti mọ́tò bá forí gbárí lọ́nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó ń ké "Yéè, mo kú o!" ni gbogbo èrò máa ń sáré lọ bá. Òun ni wọn á kọ́kọ́ gbé. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńkọ́? "Kò ṣe é ní nǹkan kan, ṣebí ó ń sọ̀rọ̀." Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń pààyàn ni.

Ẹni tó lè ké tó bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, ọpọlọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ti ẹ̀jẹ̀ tó bò ó lójú yẹn, awọ orí máa ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an bí ọgbẹ́ ò tilẹ̀ jìn. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹnì kan dì í mú.

Ẹ wá wo ẹni tó dákẹ́. Òógùn bò ó, ara rẹ̀ tutù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi ló sì ń bèèrè ṣáá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú. Bíi lítà 5 ni ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà. Àyà, ikùn, ìbàdí àti itan lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀ láìsí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Ọ̀dọ́ ló tún ń tanni jù: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má jákulẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdá 30 nínú 100 á fi lọ. Ẹni tó forí gbálẹ̀ náà lè dákú, kó jí, kó máa bá yín tàkúrọ̀sọ, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń kó jọ lábẹ́ agbárí tún dá a dùbúlẹ̀ ní wákàtí mélòó kan sí i.

Ní 1983, ilé ìwòsàn Hoag àti àwọn panápaná Newport Beach, ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní START, láti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Wọ́n á ní kí àwọn tó lè rìn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan (wọ́n ṣì ń padà yẹ̀ wọ́n wò o). Lára àwọn tó kù: ṣé ó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan? Bí wọ́n bá tẹ èékánná rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, ṣé ó ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kó tó pọ́n padà? Bí wọ́n bá ní "di ọwọ́ mi mú," ṣé kò lè dì í mú? Bí ọ̀kan péré bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ń ṣáájú. Wọn ò bèèrè ariwo.

Ọkọ̀ náà tún ń jẹ́rìí. Ẹni tí ọkọ̀ ta síta, tàbí tí ẹlòmíì kú sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ pe 122 ti Road Safety fún un, kó dé ọ̀dọ̀ dókítà, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó pé ilé lòun ń lọ. Ẹ má sì fún un lómi.