"Ṣé mo fẹ́ tà á ni?" Ìjàpá ẹ̀bùn náà gbọ́dọ̀ ní ìwé kó tó wọ bàálù

Màmá kan nínú àgbàlá wa ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọọmọ wọn àgbà fẹ́ràn àlọ́ ìjàpá, ni wọ́n bá ra kékeré kan lọ́jà, wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún un. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òfin wà lórí ẹ̀ o." Wọ́n ní, "Òfin wo? Ṣé mo fẹ́ tà á ni? Ẹ̀bùn ni!"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbè wọ́n lẹ́yìn. Mi ò bá wọn jà, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa l'Ékòó gbà gbọ́ nìyẹn: pé àwọn tó ń ṣòwò eyín erin nìkan ni òfin ń wá kiri, pé ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ẹran ọ̀sìn lè gbé e dé ibi tó bá wù ú.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ìjàpá orí ilẹ̀ ló wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè parun, tí wọ́n ń pè ní CITES, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975. "Òwò" ni àdéhùn náà sọ lóòótọ́, àmọ́ ìtumọ̀ tó fún òwò ni gbígbé ẹran náà jáde nílùú tàbí gbígbé e wọlé. Kò mẹ́nu ba owó. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú agbọ̀n màmá wà lábẹ́ ẹ̀. Àyè díẹ̀ wà fún ẹrù tí èèyàn ń lò fúnra rẹ̀, bíi báàgì awọ, àmọ́ kò kan ẹran tó ṣì ń mí.

Nàìjíríà náà ṣòfin tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1985. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti gbé e jáde. Ìlú Ọba náà á fúnni ní tiwọn láti gbé e wọlé. Ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí èèyàn tó dé pápákọ̀ òfurufú, kí orúkọ irú ìjàpá náà gan-an sì wà nínú wọn. Òfin ti ìjàpá ńlá Òkè Ọya tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọdún 2000, èyí tí wọ́n bá mú nínú igbó, ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ jáde fún títà.

Èyí tí màmá rà, ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ń pa dé bí ilẹ̀kùn. Ìjàpá igbó tiwa níhìn-ín nìyẹn. Ẹyin díẹ̀ ló ń yé, ó sì ń pẹ́ kó tó dàgbà, nítorí náà tí wọ́n bá ti kó o tán nínú igbó kan, kì í tètè padà síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ju ẹjọ́ lọ.

Màmá wá béèrè bóyá kí ọmọ wọn kúkú ra ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, àwọn irú kan wà, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Hermann, tí ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ fún un kó béèrè ìwé náà kó tó sanwó.