Nítorí Àwọn Ògbufọ̀ Ni Mo Ṣe Lọ sí Toledo

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta gbéra láti London lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó di Toledo, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Tẹ́ ẹ bá ti dé Madrid, ọkọ̀ ojú irin ò gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Orí àpáta ni ìlú náà jókòó lé, odò Tajo sì yí i ká lápá mẹ́ta. Ọmọ Abẹ́òkúta kan wà láàárín wa. Ó wo òkè, ó wo odò, ó ní ohun tí Ẹ̀gbá rí lábẹ́ Olúmọ làwọn ará ibí náà rí.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta idà ló kún àwọn ọ̀nà tóóró ibẹ̀: idà gígùn, idà kékeré, ọ̀bẹ, ẹ̀wù irin. Irin Toledo ti lókìkí láti ayébáyé, ó sì yẹ kí alágbẹ̀dẹ jẹun. Àmọ́ ó dùn mí pé a rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹni tó ń mú wa kiri ò sì mẹ́nu kan àwọn ògbufọ̀ tó túmọ̀ ìwé Lárúbáwá sí Látìnì níbẹ̀ láyé àtijọ́ rárá. Àwọn gan-an ni mo torí wọn san owó ọkọ̀ òfúrufú.

Ní 1085, Ọba Alfonso Kẹfà gba ìlú yìí lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ìwé Lárúbáwá ṣì pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu: ìṣirò, ìṣègùn, ìmọ̀ ìràwọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gerard, ọmọ Cremona ní Ítálì, ń wá ìwé tí Ptolemy, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, kọ lórí ìràwọ̀, ìyẹn Almagest. Kò rí i ní èdè Látìnì. Ló bá wá sí Toledo, ó kọ́ Lárúbáwá níbẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ parí ní 1175. Ìwé tó túmọ̀ lé ní 70, títí kan ìwé ńlá tí Ibn Sina, oníṣègùn àti ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí, kọ lórí ìṣègùn, èyí tí àwọn dókítà Yúróòpù fi kọ́ṣẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà mìíràn ló wú mi lórí jù. Ìwé Ibn Sina kan wà lórí ọkàn èèyàn, ìyẹn ẹ̀mí. Júù kan, Avendauth, ń ka Lárúbáwá, ó ń sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lédè ìgboro, ìyẹn èdè tí ará ìlú ń sọ. Àlùfáà kan, Dominicus Gundissalinus, ń gbọ́, ó sì ń sọ ọ́ di Látìnì. Avendauth fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síwájú ìwé náà bẹ́ẹ̀.

Èmi mọ bí ìjókòó yẹn ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá màmá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní London. Dókítà á sọ̀rọ̀, màá wá Yorùbá rẹ̀ títí, màmá mi á sì máa wo ẹnu mi. Tí mo bá ṣì í sọ, ara wọn ni yóò jìyà rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀sìn mẹ́ta gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀ ní Toledo. Èmi ò gbà á bẹ́ẹ̀. A wọ sínágọ́gù kan tí ara òpó rẹ̀ funfun, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bíi ti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ Màríà ló ń jẹ́ dòní: Santa María la Blanca. Ní 1391, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Júù ìlú náà. Ní 1492, wọ́n lé gbogbo Júù kúrò ní Sípéènì. Ohun tí mo gbà ni pé láàárín gbogbo ìyẹn, èèyàn méjì tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ síra jókòó sídìí ìwé kan ṣoṣo. Ó yẹ kí wọ́n gbé ìyẹn síwájú idà. Yunifásítì kan tiẹ̀ ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ògbufọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1994. Inú mi dùn sí wọn gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ sùn síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì àwọn àlejò á ti padà sí Madrid, ẹ óò máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín lórí òkúta. A ra mazapán, ìpápánu dídùn tí wọ́n fi álímọ́ńdì àti ṣúgà ṣe, a ń jẹ ẹ́ lórí afárá San Martín. Ibẹ̀ ni mo ti pe màmá mi, mo sọ ìtàn Avendauth àti Dominicus fún wọn ní Yorùbá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Èwo nínú wọn ló dà bí ìwọ?"