Àtúnṣe: Wọn kì í kàn fa kọ́kọ́rọ́ lé wọ́dà lọ́wọ́ ní Texas

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri orí WhatsApp pé ní Texas, ẹni tó bá ti sígbọnlẹ̀ lè di wọ́dà ní àtìmọ́lé káúńtì (irú ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn) láìkọ́ ẹ̀kọ́ kankan, pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kàn máa fà lé e lọ́wọ́. Irọ́ ni.

Ibi tí wọ́n ti fa irọ́ náà yọ wà ṣá o. Òfin gbà kí ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀. Àmọ́ láàárín oṣù 12, ó gbọ́dọ̀ parí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kó sì yege ìdánwò ìjọba ìpínlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́. Kó tó rí ti onígbà díẹ̀ yẹn gan-an gbà, wọ́n á ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń lo oògùn olóró, onímọ̀ nípa ọpọlọ náà á sì ti rí i.

Lẹ́yìn tí Sandra Bland, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n tì mọ́lé, kú sí àtìmọ́lé Waller County ní Texas ní 2015, òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní 2017 fi wákàtí 8 lórí ìlera ọpọlọ sínú ẹ̀kọ́ àwọn wọ́dà.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kò tó. Wọ́dà 1 sí ẹni 48 ni ìlànà ìpínlẹ̀ náà sọ. Nítorí irú ìṣòro yìí, Harris County, níbi tí ìlú Houston wà, ti kó lára àwọn tó tì mọ́lé lọ sí ìpínlẹ̀ Louisiana àti Mississippi rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní irú àtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ kò sì tíì dá lẹ́bi.