Irinṣẹ́ tó ń gba gbogbo ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sí i

Ó ti sú mi! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ sí HDFS, ètò tó ń pín fáìlì tọ́jú sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kí la fi ṣẹ̀ yín gan-an?

Ẹ wo ti setrep yìí ná, àṣẹ tí a fi ń sọ iye ẹ̀dà tí fáìlì máa ní. Ẹ̀rọ mẹ́ta péré ló ń tọ́jú fáìlì fún wa níbi iṣẹ́. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fẹ́ tẹ 3 fún iye ẹ̀dà tí fáìlì kan máa ní, ìka ẹ̀ yẹ̀, ó di 30. Kí ni irinṣẹ́ wí? “Replication 30 set”. Set kí ni? Ọgbọ̀n ẹ̀dà lórí ẹ̀rọ mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan kì í gba ju ẹ̀dà kan ṣoṣo lọ nínú bulọ́ọ̀kù kan náà, ìyẹn ègé fáìlì kan! Ọmọ yẹn sì ti fi -w sí i, èyí tó ń ní kó dúró títí ẹ̀dà á fi pé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “Waiting for”, ó ń to àmì tótótó lọ gbọọrọ. Ọmọ ọlọ́mọ jókòó tì í, ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà. Kò sí ọjọ́ tó máa tán, àfi tí ẹ̀rọ mẹ́ta bá bí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mọ́jú.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé NameNode, ẹ̀rọ olórí tó mọ ibi tí fáìlì gbogbo wà, mọ̀! Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn DataNode, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì, ń ké sí i pé àwọn ṣì wà láàyè. Ó mọ iye wọn, ó mọ àyè tó kù lọ́dọ̀ kálukú. Síbẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò bá yí i padà, 512 ni òté tí wọ́n fi lé iye ẹ̀dà. 512 kẹ̀! Ìyá aláṣọ ní Gbági, tí o bá ní kó gé ọgbọ̀n yáàdì nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta ló kù nílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló máa sọ fún ẹ. Kò ní gbowó kó wá ní kó o dúró.

Ti -rm -r, àṣẹ tó ń pa fódà àti gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́, ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń gbé e wá látilẹ̀, 0 ni fs.trash.interval wà, ìyẹn ni pé kò sí agbọ̀n ìdọ̀tí kankan. Ohun tó bá lọ ti lọ ráúráú. Kò ní bi ẹ́ léèrè ohunkóhun. Wọ́n á ní -safely, tó máa ń kọ́kọ́ béèrè kó tó pa nǹkan rẹ́, wà. Mo mọ̀ pé ó wà! Àmọ́ ìwọ fúnra ẹ lo máa rántí fi sí i, fódà yẹn sì gbọ́dọ̀ ní ju 100 fáìlì lọ kó tó lanu. Ta ló máa rántí -safely? Ẹni tó ti ń fara balẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ń kánjú, tí oorun ń kùn, ibo ló ti fẹ́ rántí?

Fi -put, àṣẹ tó ń gbé fáìlì wọlé, gbé fáìlì sí fódà tí kò sí, á sọ orúkọ fódà yẹn di fáìlì, kò ní wí nǹkan kan. Tẹ -ls, àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì, lásán, á ní “`.': No such file or directory”. Ṣé kò lè sọ ọ́ gbangba pé wọn ò tíì dá fódà tìẹ, /user/orúkọ-ẹ, sílẹ̀ fún ẹ ni?

Lórí Ceph, ètò mìíràn tó ń tọ́jú dátà sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí o bá fẹ́ pa pool (àkójọ dátà) rẹ́, o máa tẹ orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wàá tún fi --yes-i-really-really-mean-it tì í, mon_allow_pool_delete, ètò tó ń gbà kí wọ́n pa á rẹ́, sì gbọ́dọ̀ ti wà ní true. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́ yín lọ, èmi ń kí ẹni tó kọ ọ́ kú iṣẹ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé ẹni tó ń lò ó ló yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe. Kí irinṣẹ́ wo iye DataNode tó wà láàyè, kó fi wé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀, kó tó ní òun ti gbọ́. Ṣé ìyẹn náà ló le?