Lítà kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè: fífẹ̀ ni táǹkì iyùn nílò, kì í ṣe gíga

Ẹni tó bá fẹ́ ra táǹkì ẹja ní Ìbàdàn, ìbéèrè méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Lítà mélòó ló ń gbà?" àti "Ṣé kò sí èyí tó ga jù báyìí lọ?" Ẹni tó ń tà á kì í sì í ta ko oníbàárà rẹ̀. "Ọ̀gá mi, èyí tó dúró gàgàrà yìí ló máa gbayì ní pálọ̀ yín. Kò gba àyè rárá, omi tó sì ń gbà ò dín sí ti ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin yẹn." Owó á jáde, táǹkì á wọlé. Tó bá jẹ́ ẹja odò díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sìn, wọ́n ṣì lè rí i tọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ omi òkun ni, tí iyùn ààyè, ìyẹn ẹ̀dá òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta, máa wà nínú rẹ̀, inú gíga yẹn gan-an ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Owó táǹkì iyùn kì í ṣe owó kékeré, àwọn ẹ̀dá tó sì ń kú sínú rẹ̀ ti rìnrìn àjò láti òkun tó jìnnà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé bí lítà bá ṣáà ti dọ́gba, bí táǹkì ṣe rí ò ṣe nǹkan kan, àti pé bó bá ga, ẹwà ló fi kún un. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú táǹkì méjì. Àkọ́kọ́ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 60, ó ga ní 50. Èkejì gùn ní 60, ó fẹ̀ ní 60, ó wá ga ní 100. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ fúnra yín: lítà 360 ni àwọn méjèèjì ń gbà. Ẹ wá wo ojú omi. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7,200 níbùú lóròó, ti èkejì jẹ́ 3,600. Omi kan náà, àmọ́ ìdajì ojú omi ti lọ.

Ojú omi yẹn ni ọ́síjìn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ burúkú tí ẹja ń mí síta ń gbà jáde. Ẹ da ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ da iye kan náà sínú jọ́ọ̀gì gígùn, gbogbo wa la mọ èyí tó máa kọ́kọ́ tutù. Bí ooru ṣe ń gba ojú ẹ̀kọ jáde ni afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ojú omi wọlé. Omi òkun ò tilẹ̀ lawọ́ tó omi odò. Ní 25°C, lítà omi odò kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 8 ọ́síjìn. Ti omi òkun ò ju nǹkan bíi 6.7 lọ. Bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ni iye yẹn ń dín kù.

"Ṣebí pọ́ǹpù wà níbẹ̀ tó ń da omi rú?" Ìbéèrè tó dáa ni. Bí iná bá wà, pọ́ǹpù máa ń gbé omi ìsàlẹ̀ wá sókè, ìyàtọ̀ táǹkì méjèèjì á sì dín kù púpọ̀. Àmọ́ Ìbàdàn la wà. Iná ọba á lọ ní aago méjì òru, ẹ ti sùn, kò sẹ́ni tó máa dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja. Lóru bẹ́ẹ̀, iyùn kì í pèsè ọ́síjìn. Ńṣe ló máa ń mí bíi ti ẹja, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú àpáta tí à ń tò sínú táǹkì náà á máa mí. Pọ́ǹpù ti dákẹ́. Kí ló kù tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé? Ojú omi nìkan. Nínú táǹkì gíga, omi tó wà nísàlẹ̀ jìnnà sí ojú omi, kò sì sí ohun tó ń gbé e wá sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi máa ń lọ kóra jọ sókè lówùúrọ̀, tí ẹnu wọn á máa ṣí pàkà-pàkà. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì máa ń ran ni lọ́wọ́, ẹ rà á, àmọ́ ẹ má ra táǹkì tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa gbà á là.

Ọ̀rọ̀ ooru náà wà níbẹ̀. Iyùn fẹ́ omi tó wà láàárín 24 sí 27°C. Ẹ mọ bí Ìbàdàn ṣe ń rí ní oṣù kejì sí oṣù kẹta: ìta á gbóná dé 34°C, páànù á máa ta, pálọ̀ á móoru bí ilé ìdáná. Bí omi bá kọjá 30°C tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, iyùn á lé àwọn ewé òkun tíntìntín tó ń gbé inú rẹ̀, tó sì ń bọ́ ọ, jáde kúrò lára, á funfun báláú, ibẹ̀ ni ikú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ amómitutù lè gbé fáànù kékeré sí ojú omi. Lítà omi kan péré tó bá gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ máa ń kó ooru lọ tó láti fi mú lítà 360 tutù ní nǹkan tó lé ní 1.5°C. Ṣùgbọ́n ojú omi ni fáànù ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ bá dín ojú omi kù sí ìdajì, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fáànù nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Omi inú táǹkì fífẹ̀ máa ń gbẹ lọ jù, pàápàá nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Iyọ̀ kì í bá omi lọ, nítorí náà iyọ̀ inú táǹkì á máa ga sí i bí omi bá ṣe ń dín. Omi tí kò níyọ̀ lẹ máa fi dí i, lójoojúmọ́. Omi sísẹ́ ni o, kì í ṣe omi kànga ẹ̀rọ tààrà. Iṣẹ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni. Ṣùgbọ́n omi tí kò rí ọ́síjìn lóru, kò sí àtúnṣe fún un mọ́ lówùúrọ̀.

Ká wá sórí iná. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, egungun ẹ̀dá inú òkun ni, inú omi jíjìn tó ṣókùnkùn ló sì lè gbé. Àwọn tí à ń sìn nílé yàtọ̀: inú ara wọn ni àwọn ewé tíntìntín yẹn wà, ìmọ́lẹ̀ ni àwọn ewé náà sì fi ń ṣe oúnjẹ fún wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí orísun rẹ̀ ló ń rẹ̀, omi fúnra rẹ̀ sì ń mu nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó pupa. Iná LED tó tó fún omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50 ò ní tó fún ìsàlẹ̀ táǹkì tó ga ní 100. Ẹ bá fi iná tó lágbára sí i, ẹ máa sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, owó iná náà àti owó ooru tó ń mú wá. Iyùn tó wà lókè á máa jóná, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa ṣòjòjò. Lóòótọ́, táǹkì tó gùn ní 120 máa gba iná méjì kó lè kárí, ti 60 sí 60 lè lo ẹyọ kan. Méjì tí kò le jù yẹn ni mo máa yàn, nítorí gbogbo ilẹ̀ táǹkì náà ló máa wúlò fún yín.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti gíláàsì. Gíláàsì iwájú táǹkì àkọ́kọ́ jẹ́ 120 sí 50. Ti èkejì jẹ́ 60 sí 100. Ìwọ̀n gíláàsì méjèèjì dọ́gba, sẹ̀ǹtímítà 6,000 níbùú lóròó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rò pé omi ń tì wọ́n bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti táǹkì kúkúrú, agbára tí omi fi ń tì í tó ìwúwo nǹkan bíi kílò 154. Ti gíga, ó tó nǹkan bíi kílò 308. Ìlọ́po méjì gééré, láìfi lítà omi kan kún un. Ìdí ni pé jíjìn omi ló ń pinnu bó ṣe ń tì; gígùn táǹkì ò bá a dá sí i. Gíláàsì mílímítà 10 ni wọ́n sábà fi ń ṣe táǹkì tó ga ní 50. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi mílímítà 10 kan náà kan èyí tó ga ní mítà kan fún yín, ẹ má gbà.

Ẹ fojú inú wo ọjọ́ tí ẹ máa fọ̀ ọ́. Apá àgbàlagbà, láti èjìká dé orí ìka, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 ni. Iyùn kan já bọ́ láti orí àpáta, ó dojú dé sórí yanrìn nísàlẹ̀. Nínú táǹkì tó ga ní 50, ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ fi ìka méjì gbé e, ẹ fi lẹ́ẹ̀ mú un padà sáyè rẹ̀, ó parí. Nínú táǹkì tó ga ní mítà kan, orí àpótí lẹ máa dúró sí, omi iyọ̀ á dé abíyá yín, ìka yín ò sì ní kan ilẹ̀. Igi gígùn lẹ máa fi máa fà á, igi yẹn á sì gbá iyùn mìíràn ṣubú. Ewé yíyọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì nísàlẹ̀, ibi tí gíláàsì ti pàdé yanrìn, kò ní í kúrò níbẹ̀ láéláé. Ohun tó bá ṣòro fọ̀, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi dọ̀la.

Fífẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn ni àwọn èèyàn máa ń fojú kéré jù nínú ìdíwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Táǹkì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin pọ̀ lọ́jà tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 33 lọ. Ẹ to àpáta sí i, ńṣe ló máa dà bí ògiri: kò sí ihò fún ẹja láti sá sí, omi ò lè yí lọ sẹ́yìn, ìdọ̀tí á jókòó síbẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ tó 60, ẹ lè to àpáta ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ yíká, tí ọwọ́ àti omi á lè gbà kọjá. Bí àyè bá há, gígùn ni kí ẹ gé kù, ẹ má fọwọ́ kan fífẹ̀.

Ẹja náà ń kọ́? Ibùú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wẹ̀, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀. Clownfish kì í rìn jìnnà sílé rẹ̀, kò sì tóbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n blue tang tí wọ́n ń tà ní kékeré bí àtàǹpàkò lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin gan-an kéré fún un. Ẹ má sì gba ẹni tó bá ní ẹja máa ń dúró síwọ̀n àpótí rẹ̀. Ẹja tí kò dàgbà nítorí àyè tó há àti omi tó dọ̀tí, àìsàn ló ń ṣe é.

Àwọn kan á ní àwọn rí táǹkì gàgàrà nínú fídíò láti òkè òkun. Òótọ́ ni. Monterey Bay Aquarium, ilé ìwòran ẹ̀dá òkun ní California, ní táǹkì kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 28. Ewéko òkun ńlá tó ń dàgbà lọ sókè ni wọ́n kọ́ ọ fún, oòrùn ló ń tàn sí i láti òkè, ẹ̀rọ ló ń mú omi rẹ̀ ru gùdù, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ sì máa ń wọ aṣọ àwọn òmùwẹ̀ abẹ́ omi wọnú rẹ̀ ni. Pálọ̀ wa ò lè ṣe ìyẹn.

Mi ò sọ pé lítà ò wúlò o. Omi púpọ̀ máa ń fara da àṣìṣe ju omi kékeré lọ, iyọ̀ àti ooru rẹ̀ kì í tètè yí padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wá fífẹ̀ àti gígùn ná, kí lítà tẹ̀ lé e. Ẹni tó láyè, 120 sí 60 sí 50 ni mo máa ní kó mú. Ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ há, 90 sí 60 sí 45 ń gba lítà 243. Ẹni tó ń gbé yàrá kan, 60 sí 60 sí 40 ń gba 144, ọwọ́ á sì dé ibi gbogbo nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo táǹkì ìsàlẹ̀, ìyẹn táǹkì kejì tó wà lábẹ́ èyí tí ẹja wà, tí pọ́ǹpù ti ń gbé omi padà sókè, ẹ rántí pé bí iná bá lọ, omi òkè á ṣàn wálẹ̀. Nínú táǹkì 120 sí 60, bí ojú omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sílẹ̀, omi tó lé ní lítà 21 ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ fi àyè tó ju ìyẹn lọ sílẹ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí kápẹ́ẹ̀tì ló máa dé.

Ìwúwo tún wà. Omi òkun lítà 360 tó nǹkan bíi kílò 369, ẹ ò tíì ka gíláàsì, àpáta àti yanrìn. Táǹkì gíga ń di gbogbo rẹ̀ lé ilẹ̀ tí kò ju 60 sí 60 lọ, fífẹ̀ ń pín in ká ìlọ́po méjì ilẹ̀ yẹn. Nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ ni kó wà. Bó bá di dandan kó wà lókè, ẹ pe ẹni tó mọ dẹ́kìn ilé náà kó wá wò ó. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà àti kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kí wọ́n tó gé gíláàsì. Bí wẹ́dà bá ti kó irin ẹsẹ̀ rẹ̀ dé, ẹ gbé táǹkì lé e, kí ẹ kọ́kọ́ da omi lásán sí i, kí ẹ wá fi tépù wọn omi náà láti òkè gíláàsì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí igun kan bá yàtọ̀ sí èkejì, ẹ tú omi náà jáde, kí wẹ́dà tún ẹsẹ̀ irin ṣe kí ẹ tó da iyọ̀ kankan sí i.