Ogún Ọmọdé Kì í Ṣeré Gba Ogún Ọdún

Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí lè rò pé ìjà ni ó ń sọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ìjà kankan nínú rẹ̀. Ọdún ni ó ń kà. Ọmọdé ń dàgbà, ohun tí ó ń wu kálukú sì ń yàtọ̀. Eré kan náà ni a sì ń pe ti ọmọdé àti ti olórin ní èdè wa, n kò rò pé ó ṣèèṣì.

Ẹ wo olórin Justin Vernon, ọmọ Eau Claire ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣeré láti ilé ìwé girama ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ olórin DeYarmond Edison, tí wọ́n sì jọ kó lọ sí Raleigh ní North Carolina ní 2005. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, ẹgbẹ́ ti tú ká. Àìsàn tún gbé e dè, ni ó bá padà sí ahéré ọdẹ bàbá rẹ̀ ní Wisconsin, nínú òtútù yìnyín. Ó ń la igi, ó ń pa àgbọ̀nrín jẹ, ó sì ń fi gìtá àtijọ́ kan gba orin sílẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò gbè é, òun ló dá orin, òun náà ló gbè é: ó ń to ohùn ara rẹ̀ lé ara wọn títí ó fi dún bí ẹgbẹ́ akọrin.

Orin mẹ́sàn-án ni ó gbé jáde lórúkọ Bon Iver ní 2007, ẹ̀dà 500 péré, kí ilé iṣẹ́ agbórinjáde Jagjaguwar tó tún un gbé jáde ní 2008. Ní 2012, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ orin Grammy ti olórin tuntun. Tuntun kẹ̀!

Ìwọ ọ̀dọ́ olórin tí o ń gbèrò àtidá dúró, ègbè yẹn ni kí o wò dáadáa. Ọdún tí ó lò láàárín ẹgbẹ́ ni ó fi mọ ibi tí ohùn kejì àti ìkẹta ń wọlé. Ẹni tí kò gbè fún ẹlòmíràn rí, kí ni yóò fi gbe ara rẹ̀? Bí àkókò ìyapa bá sì tó, má ṣe ba ojú ọ̀nà jẹ́. Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ náà dá ẹgbẹ́ olórin mìíràn, Megafaun, sílẹ̀; Brad Cook tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì padà wá bá Vernon ṣiṣẹ́ lórí àwo Bon Iver ti 2019. Ní 2023, ọdún 17 lẹ́yìn tí wọ́n tú ká, àwọn orin DeYarmond Edison àtijọ́ tún jáde.