Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Èmi tí mo gba A nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC, 14 nínú 40 ni mo gbà nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ ní yunifásítì. Gírámà mi ò ní àléébù o. Olùkọ́ wa kàn fi bírò pupa fa ìlà kan ṣoṣo gba ojú ewé àkọ́kọ́ kọjá látòkè délẹ̀, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "O ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Kò parọ́ mọ́ mi. Odindi ojú ewé ni mo fi ń kí ayé: "Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé..." Ìbéèrè ọ̀hún ò sì ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó ní 1861?

Ẹ má tíì dá tíṣà sẹ́kọ́ńdírì lẹ́bi. Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 20 jẹ́ ti bí èèyàn ṣe lo èdè; 10 péré ni ti kókó ohun tó sọ. Ibi tí máàkì bá wà ni tíṣà á darí ọmọ sí. La bá ń há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí, a ń wá bí àròkọ ṣe máa pé ọ̀rọ̀ 450. Ọ̀rẹ́ mi kan a máa fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo àádọ́ta ọ̀rọ̀, bí ẹni ń ka owó ọjà.

Níwájú, mo kọ ọ́ pé torí òwò ẹrú ni Òyìnbó ṣe gba Èkó. Bírò pupa tún dé: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Inú bí mi gan-an. Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n bí nítòsí Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó!

Ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní ọjà Balógun ni ọ̀rọ̀ yẹn ti yé mi. Oníbàárà kan ní, "Mummy, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni wọ́n ń tà á nísàlẹ̀ yẹn." Màmá mi ò gbójú kúrò lára ankara tó ń ká. "Ṣọ́ọ̀bù ta ni? Ṣé irú èyí gan-an ni, àbí èyí tí àwọ̀ ẹ̀ máa ń ṣí tómi bá kàn án? Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí pọ́ọ̀sì.

Mo padà sídìí ìwé. Ní December 1851 ni àwọn Òyìnbó ti yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Tó bá jẹ́ òwò ẹrú nìkan ni, kí ni wọ́n tún ń wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Owó epo pupa ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, máa tọwọ́ bọ̀wé tó fi Èkó lé Òyìnbó lọ́wọ́ ní August 6, 1861, ọkọ̀ ogun wà nítòsí.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa lọ́jọ́ tá a wọlé pé òfin ìwé kíkọ ti yàtọ̀. Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kó kọ́ wa, a kún gbọ̀ngàn bámúbámú, A, B, C, D ni wọ́n sì fi dán wa wò. Ta ló ń fi A, B, C, D kọ́ èèyàn ní ìwé kíkọ?

Iṣẹ́ kejì, mo gba 27. Bírò pupa ṣì wà níbì kan: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá mi àgbà ló sọ ọ́, nínú pálọ̀ wọn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìyẹn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá lọ bi olùkọ́ wa.